Oúnjẹ Òde Lọ́dún Tuntun: Ohun Tó Yẹ Kí Ìyá Wò Kó Tó Bu Òkèlè

  

Bí oṣù kìíní bá ti wọlé ní Akpassi, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ọkọ̀ á máa já àwọn ọmọ wa sílẹ̀, àwọn tó ń gbé Cotonou, àwọn tó wà ní Parakou, títí kan àwọn tó ti Nàìjíríà dé. Adìyẹ ò ní ríbi sá sí. Àwọn ọmọdé á wọ aṣọ tuntun, wọ́n á máa ti ilé dé ilé, wọ́n á ní "bonne année". Ẹni tó ní ẹyọ owó á fún wọn ní ẹyọ owó, ẹni tó ní ìrẹsì á bù fún wọn. Bó bá di alẹ́, àwọn ọ̀dọ́ á kó ara wọn lọ sí maquis, wọ́n á ní kí wọ́n bá àwọn yan ẹja. Ọkọ ẹlòmíràn tilẹ̀ lè sọ fún un pé, "Ìyá Báyọ̀, má dáná lónìí, a jọ máa jẹun níta ni."

Tí ọkọ yín bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ̀ o. Obìnrin tó ti ń dáná láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá, ó tọ́ kí ẹlòmíràn gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò sí lára àwọn nọ́ọ̀sì tó máa ń sọ pé májèlé ni oúnjẹ òde. Àkàrà òwúrọ̀, àtàsì, iyán ọ̀sán lọ́jà, ta ni ò jẹ ẹ́ rí? Àwa tí à ń tà á náà là ń jẹ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni bí a ó ṣe jẹ ẹ́ tí kò fi ní gbé wa dé ilé ìtọ́jú. Torí àwa tí à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ la mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé ọdún: ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta oṣù kìíní, ìyá á gbé ọmọ dé, ọmọ ti ń bì láti òru, ojú ti jìn wọnú. Tí a bá bi ìyá pé kí ló jẹ, á ní, "Ìrẹsì ọdún náà ni. Gbogbo wa la jọ jẹ ẹ́."

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí à ń pè ní OMS lọ́dọ̀ wa, gbé ìṣirò kan jáde: lọ́dọọdún, nǹkan bí 420,000 ènìyàn ni oúnjẹ tí kò mọ́ ń pa ní gbogbo ayé. Nínú wọn, 125,000 ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn ọmọ wa kéékèèké ni wàhálà yìí ń dé bá jù, torí omi ara wọn ò pọ̀, ó sì máa ń tètè gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìrẹsì yẹn, torí òun ló ń tan ènìyàn jù. Ẹran tó bàjẹ́ máa ń rùn. Ọbẹ̀ tó ti kan, ẹnu á mọ̀. Ìrẹsì ò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè funfun báláú, kó má rùn, kó má kan, síbẹ̀ kí májèlé ti wà nínú rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé inú ilẹ̀ ló ń gbé, ojú lásán ò lè rí i. Bacillus cereus ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Láti oko ló ti ń bá ìrẹsì bọ̀. Ọ̀pọ̀ kòkòrò ló jẹ́ pé tí omi bá ti hó, ó parí fún wọn. Eléyìí gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń fi èèpo líle bo ara rẹ̀ bíi kóró èso, omi á hó lé e lórí títí, kò ní kú. Tí a bá wá sọ ìkòkò kalẹ̀, tí ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ìgbà yẹn ló máa là bí irúgbìn tó rí òjò. Á máa bí sí i, bó sì ṣe ń bí sí i ló ń tu májèlé sínú oúnjẹ. Májèlé yẹn gan-an ni ìṣòro, nítorí iná kì í pa á. Ẹ gbé ìrẹsì náà padà sórí iná, ẹ dín in títí, kòkòrò lè kú o, àmọ́ ohun tó ti tu sílẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí mẹ́fà.

Àwọn ọdún 1970 ni wọ́n tú àṣírí rẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ilé oúnjẹ ni wọ́n sì ti tú u. Àwọn ènìyàn lọ jẹ ìrẹsì díndín lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé àwọn alásè máa ń se ìrẹsì púpọ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ mọ́jú láìgbé e sínú fíríìjì, torí ìrẹsì inú fíríìjì máa ń dì mọ́ra. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á sáré yí i nínú epo gbígbóná fún oníbàárà. Àwọn tó ní fíríìjì nìyẹn o! Ẹ wá wo tiwa, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ò ti ní, tí ilé tó ní í náà ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà nípa iná mànàmáná.

Ẹ bá mi ka wákàtí ìrẹsì ọdún. Aago márùn-ún ìdájí la ti gbé e kaná. Ní aago méje a ti kó o sínú kúlà ńlá, a ti dé e. Àlejò àkọ́kọ́ á jẹ ẹ́ ní aago mẹ́sàn-án, ara ò ní ni í. Ẹni tó dé ní aago mẹ́ta ọ̀sán, inú kúlà yẹn náà la ó ti bù fún un. Ẹ̀gbọ́n ọkọ tó ti Savalou dé lálẹ́, ibẹ̀ náà ni. Ọmọ kékeré tó ń kí "bonne année" káàkiri, ta ló mọ ìgbà tí wọ́n ti se èyí tí wọ́n bù fún un nílé kẹrin?

Kúlà kì í ṣe ọ̀tá wa. Tí ẹ bá ṣí i tí èéfín rú jáde, tí oúnjẹ náà ń jó yín lọ́wọ́, ó dáa, kòkòrò ò lè bí sí i nínú ooru bẹ́ẹ̀. Ní ti ìwọ̀n, ohun tí OMS sọ ni pé kí oúnjẹ gbígbóná wà ní ìwọ̀n 60 sókè, kí títutù sì wà ní ìwọ̀n 5 sísàlẹ̀. Àárín méjèèjì ni kòkòrò ti ń ṣe ọdún tirẹ̀. Kúlà tó bá ti di lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ilé ìbísí ló dà yẹn. Wákàtí méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn: oúnjẹ sísè tó ti kúrò lórí iná, tí kò gbóná mọ́, tí kò sì sí nínú fíríìjì, kó má ju wákàtí méjì lọ kí a tó jẹ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ sè é lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń rò ó pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Àmọ́ ọbẹ̀ ló ń gba àkókò, ìrẹsì ò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ se ọbẹ̀ yín lọ́tọ̀, ẹ máa mú un hó gidi ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bu jẹ, kí ẹ sì se ìrẹsì kékeré láàárọ̀, kékeré mìíràn lọ́sàn-án. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, tí ẹ bá ní fíríìjì, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo pẹrẹsẹ kó tètè tutù, kí ẹ tó kó o sínú abọ́ kéékèèké. Ìkòkò ńlá tí ẹ bá gbé wọ fíríìjì odindi, àárín rẹ̀ á ṣì máa lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ títí di òru. Tí ẹ ò bá ní fíríìjì, ẹ má fi mọ́jú. Ó ń dùn ènìyàn láti da oúnjẹ nù, pàápàá ìrẹsì tí a fowó rà. Owó ìtọ́jú ọmọ tó dùbúlẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ju owó abọ́ ìrẹsì lọ.

Ó tó lórí ìrẹsì. Tí ẹ bá wá fẹ́ jẹun níta, ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ fi jẹ ẹ́. Ẹ wo iná. Ṣé orí iná ni ìkòkò wà, àbí ó ti jókòó sílẹ̀ láti àárọ̀? Àkàrà tí wọ́n ń yọ nínú epo lójú yín wà lára oúnjẹ òde tí ọkàn mi balẹ̀ sí jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bá títì lásán ni wọ́n ti ń dín in. Wàgàsì tí a rà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní náà, ẹ ní kí wọ́n dín in lójú yín, ẹ má jẹ èyí tí ọwọ́ méjìlá ti yẹ̀ wò nínú igbá. Ẹja àti adìyẹ, ẹ ya á wò níbi eegun: tí ẹ bá rí pupa ẹ̀jẹ̀, ẹ dá a padà sórí iná. Owó yín lẹ fi rà á, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Lẹ́yìn iná, ẹ wo omi. Omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, ṣé ó ń yí padà, àbí korobá kan náà ni láti àárọ̀, tó ti nípọn bí ẹ̀kọ? Iyán gbígbóná dára, àmọ́ omi tí wọ́n ń ta sínú odó nígbà tí wọ́n ń gún un ńkọ́? Saladì tí a fẹ́ràn lọ́jọ́ ọdún, ewé tútù ni, iná ò kàn án, tí wọ́n bá fi omi kànga tí kò mọ́ fọ̀ ọ́, bí ẹni mu omi kànga náà ni. Ẹ tún wá da mayọnésì lé e lórí, kó wà nínú oòrùn! Mo fẹ́ràn saladì o, ṣùgbọ́n ilé ara mi ni mo ti ń jẹ ẹ́.

Ẹ sì wo ọwọ́. Ọwọ́ tó gba 100 fránkì lọ́wọ́ onímọ́tò, tó fún un ní ṣéńjì, ṣé ọwọ́ yẹn náà ló fi mú ẹran sínú abọ́ yín? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tà, mo bẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ yìí ò gba owó ńlá. Kí ẹnì kan máa gba owó, kí ẹlòmíràn máa bu oúnjẹ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni, ẹ lo ṣíbí tàbí fọ́ọ̀kì, kí ẹ gbé kẹ́tù omi àti ọṣẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tí inú bá ń ṣu yín, ẹ má wá sídìí ìkòkò, kí ẹ jẹ́ kó dá, kí wákàtí 48 sì kọjá lórí rẹ̀ kí ẹ tó padà. Oníbàárà ń rí gbogbo rẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ sọ.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ yìí gan-an. Eku ilé. Ibà Lassa ti pa ènìyàn ní Benin níbí, ní ọdún 2014 ní agbègbè Tanguiéta, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ní agbègbè Tchaourou, tí kò jìnnà sí wa. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé e wọ inú oúnjẹ. Gàrí Savalou, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, èmi náà kì í ṣe aláìní rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n omi tútù la fi ń rẹ gàrí mu, kò sí iná tó máa gbà wá sílẹ̀ bí eku bá ti tọ̀ sí i. Ẹ ra èyí tó wà nínú ohun tí wọ́n dé dáadáa, kí ẹ̀yin náà kó o sínú ike tó ní ọmọrí nílé. Ẹ má sá gàrí tàbí èlùbọ́ sí etí títì. Ẹ sì sọ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n má mú eku ilé sun jẹ.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ adùn wàyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fẹ́ tọ́ oúnjẹ tuntun wò tí ọdún bá yí, ìyẹn sì dára púpọ̀. Àmọ́ "tuntun" tí à ń sọ, ti Cotonou ni: sàgẹ́tì, sọ́sẹ́ẹ̀jì inú agolo, òjé aláwọ̀ pupa nínú ike. Ọmọ á mu ìgò ohun dídùn, inú rẹ̀ á kún fún ṣúgà, kò ní lè jẹun mọ́. Mo ní kí ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa lọ́nà mìíràn: kí abọ́ ọmọ máa gba oúnjẹ kan tí kò jẹ rí lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, látinú ọjà wa níbí àti ti Bantè.

OMS àti UNICEF pín oúnjẹ ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì sí ọ̀nà mẹ́jọ. Ọmú ìyá ni ọ̀kan. Ìkejì ni iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ìrẹsì àti irú wọn. Ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sójà, ọ̀kan. Wàrà àti wàgàsì, ọ̀kan. Ẹran àti ẹja. Ẹyin dá dúró. Ewé tútù bíi tẹ̀tẹ̀ àti gbòrò, pẹ̀lú èso tí inú rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Ìkẹyìn ni ewébẹ̀ àti èso yòókù, bí ilá àti ọsàn. Ó kéré tán, kí ọmọ rí márùn-ún jẹ lójúmọ́. Ẹ ka ti àná lórí ìka yín: ẹ̀kọ láàárọ̀, iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá lọ́sàn-án, èyí tó ṣẹ́ kù lálẹ́, ọmú. Mẹ́ta péré! Oríṣi kan náà ni ẹ̀kọ àti iyán. Tí ẹ bá fi ẹja gbígbẹ lílọ̀ sínú ọbẹ̀ yẹn, tí ẹ sì gé ìbẹ́pẹ díẹ̀ fún un, ó ti pé márùn-ún, owó tó jáde lápò yín ò tó ti ìgò ohun dídùn yẹn.

Ẹyin ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan ò ní gbà. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ nígbà yẹn, bóyá adìyẹ ni wọ́n fẹ́ kó pamọ fún wọn, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà lè jẹ ẹyin, kí ẹ sáà sè é kó le dáadáa, funfun àti pupa rẹ̀.

Kajú náà ń bọ̀ lọ́nà, èyí tó bá yára á ti máa pọ́n kí oṣù kejì tó parí. Àgbègbè Bantè yìí kún fún kajú, kóró rẹ̀ la máa ń tà, èso rẹ̀ á sì máa jẹrà nídìí igi. Fítámì C tó wà nínú èso yẹn ju ti ọsàn lọ fíìfíì. Àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá jẹ èso kajú, tó mu wàrà lé e, á kú. Wàrà á kàn dì ni, bí ìgbà tí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i; májèlé kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ fọ èso náà, ẹ fún omi rẹ̀, ẹ mu ún lọ́jọ́ náà. Ohun tó yẹ kí ẹ máa bẹ̀rù ni epo inú èèpo kóró rẹ̀ tútù, tó máa ń jó ọmọdé lẹ́nu àti lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi eyín pa á.

Ọmọ tó bá tutọ́ oúnjẹ tuntun dà nù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má sọ pé kò fẹ́ ẹ. Ẹ tún fún un lọ́jọ́ mìíràn, díẹ̀ lórí ṣíbí. Ọmọ mìíràn á tọ́ ọ wò tó ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kó tó gbà. Ẹ má tì í sí i lọ́nà ọ̀fun. Oúnjẹ tuntun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan ni kó jẹ́, kó tó ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó mú òmíràn wá; tí ara rẹ̀ bá sú tàbí tí ètè rẹ̀ wú, ẹ ti mọ ohun tó fà á. Oyin ò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ̀pà odidi lè há ọmọ kékeré lọ́fun, ẹ lọ̀ ọ́. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù, ẹ má ṣe é ní kúlíkúlí, torí májèlé tó wà nínú bíbu yẹn kì í kúrò bí a bá dín in.

Tí inú ọmọ bá wá ṣu, tàbí tó ń bì lẹ́yìn oúnjẹ ọdún, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ ra SRO, ẹ po àpò kan sínú omi mímọ́ lítà kan. Tí kò bá sí nítòsí, ẹ mú omi mímọ́ lítà kan, ẹ fi ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà sí i, kí ó má ga ju ẹnu ṣíbí lọ, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré kan náà. Ẹ má fi iyọ̀ kún un. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ fún un ní ìdá mẹ́rin ife sí ìdajì ife nígbàkígbà tó bá yàgbẹ́. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì ife sí ife kan. Ṣíbí ni kí ẹ fi fún un. Tó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, ẹ má sì fi ebi pa á. Ẹ béèrè síǹkì nílé ìtọ́jú, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni wọ́n ń lò ó, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dá.

Ẹ gbé e wá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tí kò bá lè mu ohunkóhun, tó bá ń bì gbogbo ohun tó mu, tí ojú rẹ̀ bá jìn, tó ń sùn tí kò fẹ́ jí, tàbí tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà. Lójú ọ̀nà, lórí ọ̀kadà pàápàá, ẹ máa fún un ní omi yẹn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ike di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù, kí ẹ po tuntun.